Akẹ́kọ̀ọ́ Mẹ́ta Tó Ń Gbé Ilé Ìdáná Wa

"Ìwọ Ọmọ Kápẹ́ńtà! Sọ fún ìyá tó bí ọ pé kíláàsì ń lọ lọ́wọ́! Kó yéé pariwo bí ẹni tí ewúrẹ́ jẹ aṣọ oníbàárà mọ́ lọ́wọ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé ariwo ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí yín kí n tó kí yín. Bó ṣe jáde lẹ́nu Bàbá wa láàárọ̀ yìí ni mo ṣe kọ ọ́ yẹn, mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀. Ìyá wa ló ń bá wí o. Ìyá tó bí ẹ̀yin, tó bí èmi. Kò sì sí ọmọ kápẹ́ńtà kankan nínú ilé yìí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí eyín tó ń dà yín láàmú ti gbàgbé yín, kí ọkùnrin tó ń gbé lókè yàrá yín sì ti yéé fi bàtà jó lórí yín. Ní tiwa, ara le. Ìyá wa ń ránṣọ, Bàbá ń pariwo, èmi ń bínú. Ẹ rí i pé nǹkan kan ò tíì yí padà níbí. Mi ò lè pè yín lórí fóònù nítorí pé nínú ilé yìí, ohun tí èèyàn bá sọ sí fóònù, ògiri á ti gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ ti gbọ́ pé àgbàrá gbé afárá tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa lọ. Lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn débi pé mo fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Mo ní ìwé ti parí nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ lè wẹ odò wá bá èèyàn nílé. Ọ̀gá àgbà wa pàṣẹ pé kí gbogbo tísà máa kọ́ ọmọ láti orí fóònù. Wọ́n gbé àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré kan fún Bàbá, tó ń ṣẹ́jú bí ẹni tó fẹ́ purọ́, wọ́n sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Tísà á ṣí kámẹ́rà kí àwọn ọmọ lè rí i. Ọmọ tó bá fẹ́ wọlé á kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, á wọlé, kò ní ṣí kámẹ́rà tiẹ̀; tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á ṣí ohùn. Orúkọ lásán ni tísà ń rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo gbà wọlé.

Ẹ mọ Bàbá. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wọ ṣòkòtò tí ìlà rẹ̀ lè gé búrẹ́dì, ó so táì, ó wọ bàtà, ó sì gbé pàṣán sórí tábìlì. Ìyá wa bi í pé, "Tísà, ta lẹ fẹ́ nà láti ibí?" Bàbá ní pàṣán kì í ṣe fún nínà nìkan, pé ó wà fún ìrántí. Lẹ́yìn náà ló lu agogo ọwọ́ ní pálọ̀ títí ọmọ ọwọ́ ilé kejì fi bú sẹ́kún. Nígbà tí kò wá sí pátákó, ó ra ọ̀dà dúdú, ó fi kun ilẹ̀kùn yàrá òun àti ìyá wa láti òkè délẹ̀. Ilẹ̀kùn dára, ẹfun ń hàn lára rẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, ìṣirò á kẹ̀yìn sí kíláàsì. Inú yàrá yẹn sì ni àwọn oníbàárà ìyá wa ti ń wọn aṣọ wò. Ìyá àgbàlagbà kan fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn láti sinmi, ó sì gbé ìdajì iṣẹ́ ilé wa lọ sílé lẹ́yìn búláòsì rẹ̀. Bàbá fẹ́ sá tẹ̀ lé e. Ìyá wa ló dì í mú.

Èmi ńkọ́? Bàbá ní mi ò gbọ́dọ̀ jókòó sí pálọ̀. Ó ní, "Ọmọ tísà kì í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tísà. Ojúsàájú ni. Lọ wọlé láti orí fóònù bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ." Mo gbé fóònù mi, mo lọ jókòó lórí àpótí ní ilé ìdáná, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ògiri á kọ́kọ́ sọ ọ́, fóònù á wá máa sọ ọ́ tẹ̀ lé e bí ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní àdúrà. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí, mo ní láti ṣí ohùn, kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ jáde." Á ní, "Lọ, kí o yára." Màá wá dìde, màá gba iwájú rẹ̀ kọjá, á sì wo òkè bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ìyọ̀ǹda àtijáde nìkan ni mo máa ń tọrọ. Mi ò kì í dáhùn ìbéèrè. Ẹ mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó ṣì ń ta mí. Kí afárá tó lọ, Bàbá ń pín ìwé ìdánwò, ó sì kọ́kọ́ ka máàkì ọmọ tiẹ̀ kí gbogbo kíláàsì lè mọ̀ pé òun kì í ṣe ojúsàájú. Òdo ni. Ó kà á bí ìgbà tí wọ́n ń kéde ọba tuntun. Ìbéèrè àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ kòtò ló pa mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti búra pé bí Bàbá bá bi mí ní ìbéèrè tó ní nọ́ńbà nínú, títí kan aago mélòó ló lù, mi ò ní dá a lóhùn. Mo sì pa ìbúra náà mọ́. Tó bá béèrè aago lọ́wọ́ mi nínú ilé, màá na ìka sí ara ògiri.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bàbá ń pariwo sí fóònù bí ẹni tó rò pé ohùn òun ló máa fẹsẹ̀ kọjá odò. Ó máa ń dúró síwájú ìdáhùn, a ò ní rí nǹkan kan bí kò ṣe táì. Nígbà tó lu tábìlì ní pàṣán, fóònù ṣubú, òrùlé pálọ̀ wa la sì ń wò títí kíláàsì fi tán. Tísà Tuntun sì wà tó ń kọ́ ìdajì kíláàsì wa yòókù, ọmọkùnrin kan báyìí tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú àtihù. Ó ń kọrin fún wọn, ó ní ọmọlangidi méjì tó ń bá ara wọn jiyàn lórí ìlọ́po. Gbogbo èèyàn ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ lọ síbì kankan, wọ́n kàn sùn.

Ọ̀gá àgbà pe Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ògiri sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Obìnrin náà ní, "Tísà, ẹ má bínú o. Bí kíláàsì yín bá ṣì rí báyìí nígbà tí oṣù bá parí, a ó kó àwọn tó kù fún Tísà Tuntun. Ẹ̀yin á wá máa bá wa tọ́jú yàrá ìkó-ìwé-sí." Ẹ mọ yàrá yẹn. Ibi tí àga tó ti kán ẹsẹ̀ wà, tí eku ti ń ka ìwé ìtàn láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Bàbá tó lè bá aago ara ògiri jiyàn, "Ó dáa, Mà" ló fi dáhùn, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, orúkọ mẹ́ta péré ló wà lójú fóònù, tèmi sì jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀kan jáde. Láìpẹ́, èkejì náà jáde. Mo fi fóònù sílẹ̀ lórí àpótí, mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ jẹ gúgúrú. Nígbà tí mo padà, Bàbá ṣì ń kọ́ni. Ó ní, "Ṣé ó yé yín?" Kò sí ẹni tó fèsì. Ló bá rọra dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó sì yíjú sí ilẹ̀kùn, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Ṣùgbọ́n ìbúra ni ìbúra. Èmi kọ́ ni màá ní ó yé mi.

Ẹlòmíràn ló máa sọ ọ́. Fóònù ìyá wa jẹ́ méjì, ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún ẹbí. Fóònù yín àtijọ́ tí ojú rẹ̀ fọ́ náà wà nínú àpò ìrẹsì. Mo ní ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ fi gbogbo wọn kọ́, ìyá wa sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé orí mi ti pé. Ní ọjọ́ kejì, mo to fóònù mẹ́rin sórí pẹpẹ ilé ìdáná. Ọ̀kan jẹ́ èmi, tí mi ò ní í sọ̀rọ̀. Ọ̀kan jẹ́ Ọmọ Oníbúrẹ́dì, ọ̀kan jẹ́ Ọmọ Kápẹ́ńtà, ọ̀kan jẹ́ Òpèlèńgẹ́. Ọmọ kíláàsì wa lóòótọ́ ni wọ́n, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n sì nìyẹn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí afárá ti lọ ni wọn ò ti wá sí kíláàsì ẹnikẹ́ni. Mo di imú mi fún Ọmọ Oníbúrẹ́dì, torí gbogbo ìgbà ni ọ̀fìnkìn ń yọ ọmọ yẹn lẹ́nu. Mo fi ohùn tín-ín-rín ṣe Òpèlèńgẹ́. Ti Ọmọ Kápẹ́ńtà ló le, torí ohùn rẹ̀ ti di ohùn àgbà. Mo wá rí i pé bí mo bá ki orí bọ inú ìkòkò ńlá ìyá wa, tí mo gbé fóònù dání lẹ́nu ìkòkò náà, òun gẹ́lẹ́ ni.

Bàbá wọlé, ó rí orúkọ mẹ́rin, ó sì tún táì rẹ̀ ṣe. Ó gbé ìbéèrè kòtò yẹn kalẹ̀, èyí tó pa mí. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta gbẹ́ kòtò ní ọjọ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà ńkọ́? Mo ki orí bọ ìkòkò, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni wọ́n fẹ́ sin?" Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò tíì gbọ́ rí ní kíláàsì: Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Òpèlèńgẹ́ ní mẹ́fà á pẹ́ ju mẹ́ta lọ, torí ọ̀rọ̀ ni wọ́n á máa sọ. Bàbá ní, "Kí a sọ pé ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Èèyàn ti di ìlọ́po méjì. Kí ló máa ṣe ọjọ́?" Ọmọ Oníbúrẹ́dì di imú, ó rò ó, ó rò ó, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́jọ, sà?" Ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá sọ. Ó ní, "Má bẹ̀rù, ọmọ mi. O ti ń sún mọ́ ọn. Tí ọwọ́ bá pọ̀, ṣé iṣẹ́ á pẹ́ ni, àbí á yá?"

Ọmọ mi! Ó pe Ọmọ Oníbúrẹ́dì ní ọmọ mi! Èmi tí Bàbá kéde òdo mi bí ọba, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí nínú kíláàsì. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń jowú ọmọ oníbúrẹ́dì tí kò sí níbẹ̀, tó jẹ́ pé èmi gan-an ni. Ìgbà tí mo jowú tán ni mo rí i pé ọjọ́ méjì ni. Bí èèyàn bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ á pín sí méjì. Ó ti yé mi, ní orúkọ ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Kí èmi nìkan tó máa ṣe aṣiwèrè ọmọ mẹ́ta, mo ní láti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà, torí irú àṣìṣe tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe yàtọ̀. Oníbàárà ìyá wa kan pe fóònù nígbà tí Òpèlèńgẹ́ ń dáhùn lọ́wọ́, mo sì fi ohùn Òpèlèńgẹ́ sọ fún obìnrin náà pé apá búláòsì rẹ̀ kò tíì yá. Ohun tó tún wá yà mí lẹ́nu ni pé ohun tí ọmọ ò lè sọ fún bàbá, Ọmọ Kápẹ́ńtà lè sọ ọ́ fún tísà. Ó ní, "Sà, tí ẹ bá pariwo báyẹn, fóònù wa ń gbọ̀n." Bàbá sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Sà, táì yín nìkan la rí." Bàbá sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òpèlèńgẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà dìde, pé ìdí ń dun àwọn. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń rán gbogbo wa lọ wọn nǹkan nínú ilé wa: gígùn bẹ́ẹ̀dì, ìbú fèrèsé, iye ife omi tó kún bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo wọn fèrèsé ilé ìdáná wa lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jíṣẹ́ fún un, torí ilé kápẹ́ńtà kò lè bá ilé oníbúrẹ́dì dọ́gba.

Lọ́jọ́ kan, ó dédé sọ pé, "Ó mà ga o. Nílé oníbúrẹ́dì, wọ́n ń ránṣọ. Nílé kápẹ́ńtà, wọ́n ń ránṣọ. Nílé Òpèlèńgẹ́ náà, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ." Ìyá wa ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ó ń dún tà-tà-tà sínú gbogbo fóònù mi. Mo di imú, mo ní, "Ọdún ń bọ̀, sà." Bàbá ní, "Ọdún wo?" Mo ní, "Èyí tó ń bọ̀, sà." Ó ní ó dáa, ká ṣí ìwé wa.

Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Àwọn tó yọjú wò fún ìṣẹ́jú kan gbọ́ bí Òpèlèńgẹ́ ṣe ń bá Ọmọ Oníbúrẹ́dì jà lórí ìdá mẹ́ta búrẹ́dì, wọ́n sì sọ fún ẹlòmíràn. Orúkọ ń pọ̀ sí i, orúkọ gidi, ohùn gidi. Àwọn kan tiẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ọmọlangidi padà wá. Òpèlèńgẹ́ gan-an gbọ́ pé òun ń bú èèyàn ní kíláàsì tí òun ò lọ, ló bá fi ìbínú wọlé. Ó ní, "Sà, èmi ni Òpèlèńgẹ́! Ta ni ajá yẹn?" Mo fi ohùn tín-ín-rín ní, "Ajá ni ìwọ náà." Bàbá lu agogo. Ó ní, "Òpèlèńgẹ́ Kìíní, Òpèlèńgẹ́ Kejì, ẹ bára yín jókòó. Ìlú tó tóbi kì í ní tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìdáhùn ló lorúkọ." Òpèlèńgẹ́ gidi ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn. Òun ló borí, òun ló sì di Òpèlèńgẹ́ Kìíní. Kò sì pa kíláàsì jẹ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìgbà tí mo dé ibí yìí ni ẹ máa mọ ìdí tí mo fi kọ́kọ́ kọ ariwo sí yín. Àárọ̀ yìí ni ọ̀gá àgbà wọlé wá gbọ́ kíláàsì, láti dá ẹjọ́ Bàbá. Ẹsẹ̀ Bàbá ń gbọ̀n. Ẹ ò lè rí i lójú fóònù, ṣùgbọ́n mo yọjú láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo rí i: òkè rẹ̀ ń ṣe tísà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ṣe ọmọ tuntun. Ó pe Ọmọ Kápẹ́ńtà. Mo sáré ki orí bọ ìkòkò, mo ṣí ohùn, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn nígbà tí ìyá wa wọ ilé ìdáná. Ẹ mọ ohùn ìyá wa. Ó ké pé, "Kí lo ki orí bọ ìkòkò mi fún? Ṣé o fẹ́ kí n fi ọ́ se ọbẹ̀ ni? Ta lò ń fi ohùn olè bá sọ̀rọ̀?" Láti ẹnu fóònù Ọmọ Kápẹ́ńtà ló ti jáde, gbogbo kíláàsì ló gbọ́.

Bàbá wá pariwo èyí tí mo kọ sókè lẹ́tà yìí. Ìyá wa dúró gbagidi. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Tísà, èmi lẹ̀ ń bá wí?" Ìyẹn náà jáde lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́nu fóònù ilé kápẹ́ńtà àti láti ẹ̀yìn Bàbá. Ọ̀gá àgbà ní, "Tísà, ṣé ìyàwó yín kọ́ ni mò ń gbọ́ nílé kápẹ́ńtà yẹn?" Mo pa ojú mi dé nínú ìkòkò. Mo ní ó parí, yàrá eku ló kù. Bàbá tí kò purọ́ rí, tó dá ṣéńjì padà fún oníṣọ́ọ̀bù nínú òjò, dáhùn kíá pé, "Òun ni, Mà. Ó lọ wọn aṣọ fún wọn."

Ọ̀gá àgbà bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè tiẹ̀. Àwọn ọmọ gidi ló dáhùn, wọ́n ń dà á lu ara wọn, Òpèlèńgẹ́ Kìíní ń pariwo jù. Èmi ò la ẹnu, kò tiẹ̀ sí àyè. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní, "Ẹ máa bá kíláàsì yín lọ, Tísà. Mi ò tíì gbọ́ kíláàsì tó láriwo tó báyìí tó sì ń yé mi. Ohun kan ṣoṣo ni: orúkọ ọmọ yín wà níbí láti àárọ̀, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀." Bàbá ní, "Ó ń sọ̀rọ̀, Mà. Ojoojúmọ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀." Mo yọ orí nínú ìkòkò. Mo ní irọ́ kejì nìyẹn lónìí.

Ọ̀sán ni kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀ dé, bàbá Ọmọ Kápẹ́ńtà. Ìyá wa ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá wọn ilẹ̀kùn tuntun, pé òun ò lè máa sùn lẹ́yìn ìṣirò mọ́. Mo fẹ́ sá, ṣùgbọ́n Bàbá ní kí n di okùn ìwọ̀n mú. Kápẹ́ńtà wo ilẹ̀kùn dúdú, ó mi orí, ó ní, "Tísà, ẹ̀ ń gbìyànjú o. Ti ọmọ tèmi ló ń dùn mí. Láti ìgbà tí afárá ti lọ, ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ló wà, níbi tí fóònù kì í ti í mú. Kò tíì gbọ́ kíláàsì yín kan rí." Okùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo ilẹ̀. Bàbá ò wò mí. Ó ń fi ìka nu ẹfun kúrò létí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé kó má dààmú. Orúkọ rẹ̀ ń ṣe dáadáa." Kápẹ́ńtà ní, "Hẹ̀n?" Bàbá wá yíjú sí mi. Ohùn tó fi ń bá Ọmọ Oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ohùn yẹn gan-an. Ó ní, "Ọmọ mi, bá wa bu omi wá fún kápẹ́ńtà."

Mo lọ bu omi. Mo pẹ́ nídìí omi.

Ó mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò mọ ìgbà tó ti mọ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tó ní wọ́n ń ránṣọ ní gbogbo ilé. Ó lè jẹ́ láti inú ìkòkò àkọ́kọ́; ògiri kan ṣoṣo náà ló wà láàárín wa, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lòun náà ń gbọ́ mi. Ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń di imú, ó sì ń sọ pé má bẹ̀rù, ọmọ mi. Mo sì jókòó síbẹ̀ tí mò ń jowú! Orí mi yìí, ìkòkò ló yẹ ẹ́ lóòótọ́.

Kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Èmi náà ò sọ nǹkan kan fún un. A jọ jẹun, ó ní kí n na iyọ̀ sí òun, mo nà á. Ìyá wa ń wò wá bí ẹni tó ń wo ejò méjì. Ilẹ̀kùn dúdú kò ní í lọ ṣá: kápẹ́ńtà máa kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, yàrá á gba tuntun. Mo ti pinnu ohun kan nípa kíláàsì ọ̀la. Mi ò ní sọ ọ́ fún Bàbá, mi ò ní sọ ọ́ fún ìyá wa, ẹ̀yin náà, ẹ má bínú, mi ò ní sọ ọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kó wà nínú mi.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ yín. Kó má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ yín sọ yín di ẹni tí ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ibi tí ẹ bá ti béèrè, kí ẹ rí ẹni tó máa fèsì. Ẹ ó padà wá bá wa láyọ̀, lórí afárá tuntun, pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́, tèmi kó tóbi jù.

Èmi ni,
Àbúrò yín kan ṣoṣo, tí inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bí mọ́ lónìí.

Mo gbàgbé o: mo ti nu fóònù yín tó fọ́, mo dá a padà sínú àpò ìrẹsì, mo sì fọ ìkòkò ìyá wa. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ọmọ Oníbúrẹ́dì, Ọmọ Kápẹ́ńtà àti Òpèlèńgẹ́ Kejì kó lọ sí ìlú mìíràn lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ má sunkún fún wọn. Ẹ kàn bá mi gbàdúrà lówùúrọ̀ ọ̀la kí ohùn mi má gbọ̀n.